Bí a ṣe ń ya prósẹ́sọ̀ tí kì í jẹ iná fún sẹ́ńsọ̀ oko kókó

Abẹ́ igi kókó kì í gba oòrùn. Ẹni tó bá ti wọ oko tó ti gbó ní ìhà Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùré ní Èkìtì rí mọ̀ pé ewé ti bo òkè pa, panẹ́ẹ̀lì sólà tó tó àtẹ́lẹwọ́ tí a bá so mọ́ ẹ̀ka níbẹ̀ kò ní rí nǹkan kan jẹ. Ibẹ̀ gan-an la sì fẹ́ gbé ẹ̀rọ sí, nítorí ibẹ̀ ni omi ti ń pẹ́ lára èso lẹ́yìn òjò. Àrùn tó ń sọ èso kókó di dúdú ń bá omi rìn: Phytophthora tó ń fà á kò lè ráyè wọ inú èso bí ara èso bá gbẹ. Àgbẹ̀ tó bá mọ iye wákàtí tí èso rẹ̀ fi tutù lọ́sẹ̀ kan yóò mọ ìgbà tó yẹ kó fín oògùn kọ́pà, yóò sì mọ ìgbà tó yẹ kó jẹ́ kí owó rẹ̀ sinmi sápò.

Ẹ̀rọ tí a nílò kò tóbi: sẹ́ńsọ̀ kan tó ń mọ̀ bóyá ojú nǹkan tutù, prósẹ́sọ̀ tó ń ka wákàtí, rédíò kékeré, bátìrì kan. Prósẹ́sọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Mo ń bá ẹni tó ti mọ Verilog (èdè tí a fi ń kọ sáákíìtì chip) díẹ̀ sọ̀rọ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ HND ní Pọ́lì Adó, tàbí ẹni tó wà ní ọdún kẹrin ní Ìkọ̀lé, níbi tí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ọ̀yẹ́ àti ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ wà nínú ọgbà kan náà. Ẹ lo àǹfààní yẹn. Ẹ rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn alágbẹ̀, kí ẹ bi wọ́n bí kókó ṣe ń jẹrà, kí ẹ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣírò iná kí ẹ tó kọ Verilog

Ẹ mú ìwé àti báírò. Bátìrì bọ́tìnì CR2032 jẹ́ 3 V, ó sì gbé nǹkan bí 225 mAh. Bí ẹ̀rọ bá ń mu 1 µA láìdáwọ́ dúró, bátìrì yẹn yóò lo wákàtí 225,000, ìyẹn ju ọdún 25 lọ. Bátìrì fúnra rẹ̀ á ti gbó kí iná inú rẹ̀ tó tán. Bó bá ń mu 10 µA, ọdún méjì ààbọ̀ ni. Bó bá jẹ́ 100 µA, oṣù mẹ́ta. Bó bá jẹ́ 1 mA, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Ẹ há iye mẹ́rin yìí sórí, torí gbogbo àríyànjiyàn tó kù, orí wọn la ó ti parí rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ti oko kókó wa. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye tí mo fẹ́ lò. Ẹ fi èyí tó wà nínú datasheet yín (ìwé tí olùṣe kọ nípa ẹ̀rọ) rọ́pò wọn. Ká ní ẹ̀rọ ń jí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Bó bá jí, prósẹ́sọ̀ ṣe iṣẹ́ tó gba clock 20,000 (clock ni ìlù tó ń darí ìgbésẹ̀ prósẹ́sọ̀). Ní 1 MHz, 20 ms nìyẹn. Ká ní ó ń jẹ 50 µW nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́: 1 µJ ló lò. Ẹ pín 1 µJ yẹn káàkiri ìṣẹ́jú àáyá 600, kò tó 2 nW. Sẹ́ńsọ̀ ń mu 5 mA ní 3 V fún 10 ms: 150 µJ, ìyẹn 250 nW bí a bá pín in káàkiri. Rédíò ń mu 29 mA fún 60 ms: 5 mJ àti díẹ̀. Bó bá ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, nǹkan bí 60 nW ni. Oorun wá kù. Nígbà tí chip bá ń sùn, transistor rẹ̀, ìyẹn súíìṣì kéékèèké inú rẹ̀, kì í pa tán pátápátá. Iná ń jò gba inú wọn kọjá. Ká ní ìjò yẹn jẹ́ 2 µW, ìyẹn 2,000 nW.

Ẹ wo àwọn iye náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Oorun ń jẹ 2,000, sẹ́ńsọ̀ ń jẹ 250, rédíò ń jẹ 60. Ìṣirò gan-an, tí gbogbo wa fẹ́ràn láti máa bá jà, tí a ń torí rẹ̀ ka ìwé nípa pipeline, ń jẹ 2. Kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Nítorí náà, oorun prósẹ́sọ̀ sẹ́ńsọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lè dúró di ẹ̀yìn.

Nǹkan kan tún wà tí kò sí nínú ìṣirò yẹn, òun ló sì ń pa ẹ̀rọ àwọn olùbẹ̀rẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ board tí wọ́n ń tà ní ọjà ní AMS1117 lórí, ìyẹn regulator tó ń sọ 5 V di 3.3 V. Òun nìkan ń mu nǹkan bí 5 mA, yálà ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ń sùn. 225 mAh kò lè fara dà á ju wákàtí 45 lọ. Ẹ lè ya prósẹ́sọ̀ tó dára jù lọ láyé, kí bátìrì yín kú kó tó pé ọjọ́ méjì nítorí nǹkan tí kò ju èékánná lọ. LED pupa tó ń tàn láti fi hàn pé iná wà ń dá kún un. Ẹ yọ méjèèjì. Bí ẹ bá nílò regulator lóòótọ́, ẹ wá irú MCP1700 tó ń mu nǹkan bí 1.6 µA, tàbí TPS7A02 tó jẹ́ 25 nA.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pín chip sí apá méjì

Apá kan kì í sùn láé. Ẹ jẹ́ kó kéré débi pé ojú á fẹ́ tì yín láti pè é ní sáákíìtì: counter kan (òǹkà), comparator kan (tó ń fi fóltéèjì méjì wéra), àti rẹ́gísítà díẹ̀ (ibi ìpamọ́ kékeré). Kírísítálì 32.768 kHz ni kó máa lù ú, irú èyí tó wà nínú aago ọwọ́. Nítorí pé 32,768 jẹ́ 2 ní ọ̀nà 15, counter tó ní bíìtì 15 yóò máa yí po lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan gééré. Ẹ fi bíìtì mẹ́wàá sí i lórí rẹ̀, ẹ ti lè sùn tó ìṣẹ́jú àáyá 1,024, ó ju ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún lọ. Ìyẹn tó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tiwa.

Comparator ni ti òjò. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, ìdí wo ni ẹ̀rọ fi máa jí nígbà 144 lóòjọ́ kó lọ sọ pé èso gbẹ? Ẹ jẹ́ kí omi jí i. Bí ojú sẹ́ńsọ̀ bá tutù, comparator yóò yí, yóò sì jí apá kejì. Láti ìgbà yẹn ni kó tó máa jí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, títí tí ojú á fi gbẹ.

Apá kejì ni gbogbo èyí tó kù: core (ọpọlọ prósẹ́sọ̀), mẹ́mọ́rì, SPI (ọ̀nà tí chip fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀), sáákíìtì tó ń darí ADC (èyí tó ń sọ fóltéèjì di nọ́ńbà). Ìwọ̀nyí la ó pa pátápátá. Lórí bébà, ẹ fa ilà láàrin apá méjèèjì, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo wáyà tó bá gba orí ilà náà kọjá. Bí wáyà yẹn bá ju ogún lọ, ẹ ti pín in síbi tí kò dáa.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yan core

RISC-V, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí prósẹ́sọ̀ ń gbọ́, ni kí ẹ lò. Berkeley ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2010, ẹnikẹ́ni ló sì lè kọ́ ọ láìsanwó àṣẹ. Nínú rẹ̀, RV32E ni ẹ ó mú: rẹ́gísítà 16 ló ní dípò 32, ibi tí iná ti lè jò sì dín kù.

Méjì ni mo mọ̀ tó yẹ ní ṣíṣàyẹ̀wò. SERV, tí Olof Kindgren kọ, ń ṣe ìṣirò ní bíìtì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ó kéré gan-an, àmọ́ àṣẹ kan (instruction) lè gbà á ní clock tó ju ọgbọ̀n lọ. PicoRV32, tí Claire Wolf kọ, tóbi jù ú lọ, ó sì yára jù ú lọ. Èwo ni kí a mú? Bí ẹ bá lè gé iná kúrò lára core pátápátá nígbà oorun, ìtóbi kò jẹ́ nǹkan kan mọ́, ẹ mú èyí tó yára kó lè tètè padà sùn. Bí ẹ kò bá lè gé e, SERV ni. Fún ẹni tó ń ṣe é ní ìgbà àkọ́kọ́, SERV ni èmi yóò sọ. Gígé iná ní wàhálà tirẹ̀, a ó dé ibẹ̀.

Ẹ má fi multiplier (sáákíìtì ìsọdipúpọ̀) sí i. Bí ẹ bá fẹ́ gba ìwọ̀n àárín, ẹ ka sẹ́ńsọ̀ ní ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún, shift lásán (títi bíìtì sí ọ̀tún) ni yóò sì pín in.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: mẹ́mọ́rì

Ní 2014, Mark Horowitz ti Stanford gbé àwọn iye kan jáde tí ẹnikẹ́ni tó ń ya chip kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Lórí chip 45 nm (ìwọ̀n transistor rẹ̀ nìyẹn), kí a ro nọ́ńbà méjì tó jẹ́ bíìtì 32 pọ̀ ń gba nǹkan bí 0.1 pJ. Kí a ka nǹkan láti inú cache (mẹ́mọ́rì kékeré tó sún mọ́ core) 8 KB ń gba nǹkan bí 10 pJ. Ìlọ́po ọgọ́rùn-ún! Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí prósẹ́sọ̀ lọ gbé àṣẹ wá láti inú mẹ́mọ́rì wọ́n ju kó ṣe iṣẹ́ tí àṣẹ náà rán an lọ. Àṣẹ kúkúrú ti RISC-V, tí wọ́n ń pè ní C, máa ń dín ìtóbi prógírámù kù ní ìdá 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì yẹ kí ẹ gbé e yẹ̀ wò bí core yín bá gbà á.

Fún tiwa, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni: kí ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rántí bó bá ń sùn? SRAM (mẹ́mọ́rì tó ń gbàgbé bí iná bá lọ) tó ń rántí ni SRAM tí iná ń jò lára rẹ̀. Ẹ jókòó kí ẹ kà á. Wákàtí tí èso fi tutù fún ọjọ́ méje, báìtì méjì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: báìtì 14. Ipò tí sẹ́ńsọ̀ wà kẹ́yìn: báìtì kan. Ọjọ́ tí a wà: báìtì kan. Mẹ́rìndínlógún péré ni gbogbo rẹ̀. Rẹ́gísítà báìtì 32 nínú apá tí kì í sùn ti tó, àṣẹ́kù tún wà. SRAM kankan kò ní láti máa rántí nǹkan, ẹ lè pa á pátá.

Prógírámù ńkọ́? Bó bá wà nínú flash ìta (chip mẹ́mọ́rì ọ̀tọ̀), ẹ̀rọ á máa kà á láti ibẹ̀ gbogbo ìgbà tó bá jí, flash náà á sì máa mu mA tirẹ̀. Èmi yóò kọ ọ́ sínú ROM tí a fi gate (transistor díẹ̀ tó ń ṣe ìpinnu 0 tàbí 1) ṣe, 1 KB tàbí 2 KB. Kò ṣeé yí padà, òótọ́ ni, nítorí náà ẹ dán an wò dáadáa. Bí ẹ̀rù ROM bá ń bà yín, ẹ ra MSP430, prósẹ́sọ̀ kékeré tó ní FRAM, lọ́wọ́ Texas Instruments, ẹ ó sì ti fo ìdajì ìtọ́sọ́nà yìí. FRAM kì í gbàgbé bí iná bá lọ, kò sì jẹ iná púpọ̀ láti kọ nǹkan sí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ dáàbò bo kókó rẹ̀ ní ọdún yìí kò ní dúró de chip tiwa.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dá clock dúró

Gbogbo ìgbà tí clock bá lù, gbogbo flip-flop (sáákíìtì tó ń rántí bíìtì kan) tó so mọ́ ọn ń jẹ iná, kódà bí kò bá sí nǹkan tuntun tó wọlé sí i. Ẹ má jẹ́ kó lù níbi tí iṣẹ́ kò sí. Ìlànà rẹ̀ rèé:

```
always @(clk or en)
  if (!clk) en_l = en;
assign gclk = clk & en_l;
```

Latch yẹn (ìlà méjì àkọ́kọ́) ló ń jẹ́ kí `en` yí padà nígbà tí clock wà nísàlẹ̀ nìkan, kí clock má bàa já sí wẹ́wẹ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹ lè rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Lórí chip gidi, cell tó wà nínú library (àkójọ gate tí ilé iṣẹ́ chip ti ṣe sílẹ̀) ni kí ẹ lò. Nínú ti SkyWater, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe chip ní Amẹ́ríkà, `sky130_fd_sc_hd__dlclkp_1` ni orúkọ rẹ̀. Lórí FPGA (chip tí a lè tún sáákíìtì inú rẹ̀ tò), ẹ má ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì: ẹ lo enable tó wà lára flip-flop.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: fóltéèjì, àti ibi tí kò ti yẹ ká tẹ̀ lé àwọn ọ̀gá

Agbára tí gate kan ń lò láti yí padà ń bá fóltéèjì lọ ní ọ̀nà méjì: bí ẹ bá dín fóltéèjì kù sí ìdajì, agbára náà á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbójú gan-an fi sọ ọ́ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ibi tí transistor ti ń ṣí. Àwọn aláago ọwọ́ ní Switzerland, tí Eric Vittoz wà lára wọn, ti ń lo transistor báyìí láti ìgbà pípẹ́. Ní 2005, Alice Wang àti Anantha Chandrakasan ní MIT gbé prósẹ́sọ̀ FFT (ìṣirò tó ń tú ìgbì sí wẹ́wẹ́) kan jáde tó ń ṣiṣẹ́ ní 180 mV.

Ó wuni. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Nísàlẹ̀ ibi ìṣí, tí ẹ bá yọ nǹkan bí 70 sí 100 mV kúrò, iná tó ń ṣiṣẹ́ á dín kù ní ìlọ́po mẹ́wàá, gate náà á sì falẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bó ti ń falẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìjò ń rí àkókò púpọ̀ sí i láti jò kí iṣẹ́ kan tó parí. Ibì kan wà, ó sábà máa ń wà láàrin 0.3 V sí 0.5 V, tó jẹ́ pé bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ ju ibẹ̀ lọ, agbára tí iṣẹ́ kan ń gbà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ni.

Ẹ padà sí ìṣirò ìgbésẹ̀ kìíní. Ìṣirò ń jẹ 2 nW nínú ohun tó ju 2,300 lọ. Bí ẹ bá tilẹ̀ sọ ọ́ di òfo, bátìrì kò ní mọ̀. Ẹ jẹ́ kí core wà ní fóltéèjì tí library ti wọ̀n fún un, 1.8 V lórí SkyWater 130 nm, kí ẹ sì lo ọgbọ́n yín sórí apá tí kì í sùn. Ibẹ̀ ni fóltéèjì kékeré ti lérè, nítorí ìjò náà ń dín kù bí fóltéèjì bá dín kù, ẹni tó sì ń ka 32 kHz kò nílò ìkánjú.

Ẹ̀kọ́ tó wúlò jù fún wa wá láti Yunifásítì Michigan. Ní 2008 wọ́n gbé prósẹ́sọ̀ sẹ́ńsọ̀ kan jáde tí wọ́n pè ní Phoenix, tó ń jẹ nǹkan bí 30 pW nígbà tó bá ń sùn. Wọn kò lo chip tó jẹ́ tuntun jù nígbà náà, 0.18 µm (180 nm) ni wọ́n lò, tó ti di ti àtijọ́, nítorí transistor rẹ̀ kì í jò bíi ti àwọn ọmọ kékeré. Ẹni tó bá sọ fún yín pé 130 nm ti gbó kò tíì mọ̀ pé ẹ̀rọ tiwa ń sùn.

Ooru ńkọ́? Ìjò máa ń di ìlọ́po méjì bí ooru bá fi nǹkan bí 10 °C lé. Lábẹ́ kókó, kò burú. Àmọ́ bí ẹ bá gbé àpótí kan náà sórí pèpéle tí wọ́n ń sá kókó sí, kí oòrùn sì pa á dé 55 °C, 2 µW ti 25 °C á di 16 µW, bátìrì tí ì bá gbó kó tó tán á tán ní bí ọdún márùn-ún.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ gé iná

Transistor ńlá kan láàrin iná àti apá kejì: bó bá ṣí, apá kejì ń ṣiṣẹ́, bó bá pa, ìjò kò rí ọ̀nà gbà. Bí ẹni ń ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ni iṣẹ́ yìí rí: ètò ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá pa iná kó tó kó ọjà wọlé á kábàámọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi báìtì tí ẹ fẹ́ rántí ránṣẹ́ sí apá tí kì í sùn. Lẹ́yìn náà, ẹ dá clock dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ ti isolation cell (gate tó ń mú wáyà dúró sí 0 tàbí 1) lórí gbogbo wáyà tó ń jáde. Ìgbà yẹn lẹ tó gé iná. Bí ẹ bá fẹ́ jí i, ẹ ṣe é láti ẹ̀yìn wá síwájú, pẹ̀lú reset kí isolation tó ṣí.

Isolation ni àwọn èèyàn máa ń fò. Wáyà tó ń jáde láti apá tí kò ní iná mọ́ kì í ṣe 0, kì í ṣe 1. Ó lè dúró sí àárín. Gate tó wà ní òdìkejì ilà, nínú apá tí kì í sùn tó ṣì ní iná, á rí fóltéèjì àárín yẹn, transistor rẹ̀ méjèèjì á ṣí díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iná á sì máa ṣàn gba inú wọn kọjá láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ gé iná láti dín ìjò kù, ẹ sì dá ìjò tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sílẹ̀. Nínú library SkyWater, ẹ wá àwọn cell tí orúkọ wọn ní `lpflow` nínú.

Ṣé gígé yẹn tó bẹ́ẹ̀? Jíjí ní iye tirẹ̀. Bí apá kejì bá ní 1 nF lápapọ̀, láti kún un dé 1.8 V ń gba nǹkan bí 3.2 nJ. Bí ìjò tí ẹ gé bá jẹ́ 2 µW, oorun 1.6 ms ti san gbèsè yẹn. Ẹ̀rọ wa ń sùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn má ṣí transistor ńlá náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iná tó máa rọ́ wọlé á fa fóltéèjì apá tí kì í sùn lulẹ̀, counter yín á sì gbàgbé àkókò.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: prógírámù

Kúkúrú ni. Ẹ má kọ loop tó ń dúró de nǹkan. Prógírámù jí, ó ka ìdí tó fi jí, ó ṣe iṣẹ́, ó ní kí wọ́n gé iná òun.

Rédíò ni ibi ìnáwó. Pẹ̀lú 50 µW ní 1 MHz, clock kan ń gba 50 pJ. Ìfiránṣẹ́ kan tó gba 5 mJ tó clock mílíọ̀nù 100. Nítorí náà, ìṣirò èyíkéyìí tó bá lè gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ìfiránṣẹ́ kan ti lérè. Bí ẹ bá ń fi gbogbo kíkà ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, rédíò nìkan á jẹ 8 µW ó lé, ìlọ́po mẹ́rin oorun. Àgbẹ̀ kò nílò ìyẹn. Iye wákàtí ìtutù, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ni.

Ẹ tún rántí pé CR2032 kì í fẹ́ kí a fa 29 mA lójijì. Fóltéèjì rẹ̀ á wó. Ẹ fi kàpásítọ̀ ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó máa gbé ẹrù yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà

Gbogbo irinṣẹ́ yìí jẹ́ ọ̀fẹ́: Verilator tàbí Icarus Verilog láti mú un ṣiṣẹ́, GTKWave láti wo ìgbì, Yosys àti OpenLane láti sọ ọ́ di àwòrán chip. Ní 2020, SkyWater àti Google ṣí àwọn fáìlì 130 nm sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ilé iṣẹ́ IHP ní Jámánì náà ti ṣí tiwọn. OpenLane máa ń pẹ́, iná ìjọba kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ipele kọ̀ọ̀kan ló ń pa iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ sí fódà tirẹ̀, nítorí náà bí iná bá lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ipele tó kẹ́yìn.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ mọ iye iná, ẹ má gba iye tí irinṣẹ́ fi ojú inú wò. Ẹ mú prógírámù gidi ṣiṣẹ́, ẹ gba fáìlì VCD rẹ̀ (àkọsílẹ̀ ìyípadà wáyà), kí irinṣẹ́ OpenSTA fi ka bí wáyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí. Fún ìjò, ẹ wo fáìlì `tt_025C_1v80` (25 °C, 1.8 V), kí ẹ tún wo `tt_100C_1v80` (100 °C). Ẹ ó rí bí ooru ṣe ń ná yín lówó. Bí ìjò bá ti pọ̀ jù, ẹ fi library `hdll` (tí kì í jò púpọ̀) rọ́pò `hd`.

FPGA iCE40 UP5K dára láti fi mọ̀ bóyá ètò yín péye. Ẹ má fi wọn iná. Òun fúnra rẹ̀ ń mu nǹkan bí 75 µA láìṣe nǹkan kan, oṣù mẹ́rin ni CR2032 á lò lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣe tán láti lọ sórí chip, Tiny Tapeout ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn pín chip kan, kí owó rẹ̀ lè ṣeé san.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: ẹ wọ̀n ọ́n láìsí irinṣẹ́ olówó ńlá

Mítà olówó pọ́ọ́kú kò lè wọn 2 µA dáadáa, ó sì ń jẹ fóltéèjì mọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ nígbà tó bá wà ní µA. Ọ̀nà tó dáa ni kàpásítọ̀. Ẹ mú 1000 µF, ẹ kún un dé 3.0 V, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ̀rọ máa gba iná lára rẹ̀. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi dé 2.5 V. Ẹ fi 0.5 V sọ 1000 µF di púpọ̀, ẹ pín in sí iye ìṣẹ́jú àáyá náà: iná tó ń mu nìyẹn. Bó bá ń mu 2 µA, yóò gba ìṣẹ́jú àáyá 250.

Kàpásítọ̀ náà ń jò. Ẹ jẹ́ kó wà lórí iná fún wákàtí mélòó kan kó tó balẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ wọn òun nìkan láìsí ẹ̀rọ, kí ẹ yọ iye yẹn kúrò. Bákan náà, ẹ má fi mítà sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mítà ní 10 MΩ, ní 3 V wọ́n ń mu 0.3 µA tiwọn. Ẹ kàn án, ẹ kà á, ẹ yọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn: kí ẹ tó gbé e lọ sóko

Inú oko kókó tutù. Bí ẹrẹ̀, èérí tàbí oje sódà (flux) bá so wáyà 3 V mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú 1 MΩ, 3 µA ń bá ibẹ̀ lọ, ó sì ju gbogbo ohun tí chip yín ń jẹ lọ. Ẹ fi isopropyl alcohol àti búrọ́ọ̀ṣì fọ board, pàápàá lábẹ́ kírísítálì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ kun ún ní conformal coating (ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi kan board), ẹ sì fi ojú sẹ́ńsọ̀ nìkan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú aṣọ tó tutù, kó sùn níbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ sì fi kàpásítọ̀ wọ̀n ọ́n ní àárọ̀ kí ẹ tó nù ún. Bí iye yẹn bá ti ju ti àná lọ, ẹ tún un fọ̀, ẹ tún un kùn, ẹ tún un dán wò.